Ẹni Tí Dosu Kọ́kọ́ Pè

Bàtà onígìgísẹ̀ gíga ló wà lẹ́sẹ̀ Bùsọ́lá nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ajara, ìlú ọkọ rẹ̀; bó sì ti gbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, gìgísẹ̀ ọ̀tún rì sínú yanrìn. Ó bọ́ méjèèjì, ó kó wọn dání, ó sì sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ. Àwọn obìnrin tó ń bó àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà kí i. Wọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò láràárọ̀, tó ń ka ìròyìn láti Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ní kó fara balẹ̀, pé Ọlọ́run á wo ọkọ rẹ̀ sàn. Bùsọ́lá ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò lè wo obìnrin náà lójú.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Ruth, àbúrò ọkọ rẹ̀, pè é. Ruth ní ẹ̀gbọ́n òun ti rí oorun díẹ̀ sùn, pé dókítà ti to egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá béèrè pé, "Àǹtí, ibo lẹ dé báyìí?" Bùsọ́lá kò mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rédíò ti kọ́ ọ láti má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ti wà lọ́nà. Ó wá ń rọra béèrè ìbéèrè kéékèèké bí ẹni tó ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi yé e. Dosu ń kó àgbọn bọ̀ láti oko wọn tó wà lódìkejì ọ̀sà. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, ìgbì gbá ọkọ̀ ojú omi náà, ọkọ̀ sì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó. Egungun ojúgun rẹ̀ dá. Ìrọ̀lẹ́ àná ló ṣẹlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ àná. Bàtà tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù ni Bùsọ́lá ki ẹsẹ̀ bọ̀ tó fi jáde nílé, èyí tó wọ̀ lọ síbi tó wà nírọ̀lẹ́ àná.

Orí ìjókòó onírọ̀gbọ̀kú kan ló wà, ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìkẹjà, tó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé láti dán ohùn àti ìrísí òun wò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣe agbátẹrù ètò ìrọ̀lẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń wò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú báàgì. Ó yọ ọ́, ó rí orúkọ Dosu. Ó rò pé òun mọ ohun tó fẹ́ sọ: yóò béèrè bóyá òun ń bọ̀ nílé ní ọjọ́ Jímọ̀, òun yóò sì ní láti parọ́, nítorí Dosu kò mọ nǹkan kan nípa ìdánwò náà. Ó tẹjú mọ́ orúkọ náà títí fóònù fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló pa á.

Kó tó kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé òun ni wọ́n mú. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ jẹ ẹja yíyan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dé orí ibùsùn ló tó tan fóònù, ó sì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí Dosu pé iṣẹ́ pọ̀, òun á pè é lọ́la. Kò rí èsì. Ó sùn fọnfọn. Oorun tó sùn yẹn gan-an ló ń dùn ún jù nínú ọkọ̀, láti Máìlì Tuu títí dé Ajara.

Èkó ni òun àti Dosu ti pàdé, nígbà tí Dosu ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tó máa ń di táì mọ́rùn bí ẹni tí wọ́n so mọ́gi. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni bàbá Dosu kú, ó sì lọ sílé láti bójú tó oko àgbọn fún ìgbà díẹ̀. Kò padà mọ́. Ó ní ní Èkó òun kì í gbọ́ ohun tí òun ń rò, ṣùgbọ́n létí òkun níbí, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láàárín imọ̀ àgbọn, ara òun máa ń balẹ̀. Bùsọ́lá kò lè bá a jiyàn, nítorí ó rí i pé ara ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Wọ́n jọ fẹnu kò pé Bùsọ́lá á máa wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á sì padà síṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà kan. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó di oṣooṣù. Nígbàkigbà tó bá pè láti sọ pé òun ò ní lè wá, "Kò burú" ni Dosu máa ń sọ. Bùsọ́lá a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkọ òun kì í yọ èèyàn lẹ́nu.

Ìyá Dosu ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó wọ ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ìyá náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, òróró àgbọn tó ń sè fún títà ṣì ń rùn lára ìró rẹ̀. Èdè Ègùn ló fi kí i, kó tó bọ́ sí Yorùbá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ọkọ rẹ sọ fún wa bí o ṣe sunkún. Ó ní o fẹ́ wá lóru, òun ni òun kọ̀ fún ọ. Ó dáa tí o gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀nà yẹn ò dáa."

Ruth dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí. Bùsọ́lá la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun, Màámi."

Wọ́n mú un wọlé. Dosu fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ìrọ̀rí. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Bùsọ́lá bú sẹ́kún, Dosu sì na ọwọ́ fọwọ́ kàn án léjìká bí ẹni pé Bùsọ́lá gan-an ló ṣèṣe. Nígbà tó yá, Ruth ní òun fẹ́ lọ ra ògì, ìyá wọn sì tẹ̀ lé e jáde.

"Kí ló dé tí o sọ fún wọn pé mo gbé fóònù?" Bùsọ́lá béèrè.

Dosu ń wo fáànù tó ń yí lókè. "O rò pé nítorí tìẹ ni?"

Bùsọ́lá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Ojú ló ń tì mí, Bùsọ́lá. Àwọn èèyàn yí mi ká. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kì í gbé ìpè rẹ̀."

Láti Èkó ni Bùsọ́lá ti ń ro bí òun ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ó ti ro ti pé kó bínú, ó ti ro ti pé kó dárí jì í. Kò ro ti èyí rárá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì sọ ibi tó wà nígbà tí fóònù ń dún. Ó sọ nípa ètò ìrọ̀lẹ́ náà, pé wọ́n ti mú òun, pé ojoojúmọ́ ni, títí kan Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, pé wọ́n fẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dosu gbọ́ ọ dópin. Ó béèrè ìgbà tó ti ń gbèrò rẹ̀. Bùsọ́lá ní ó ti tó oṣù mélòó kan. Dosu mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti ń fura sí fún.

"Gbà á," ló wí.

Ayọ̀ sọ nínú Bùsọ́lá kó tó lè dá a dúró. Ìṣẹ́jú kan náà ni ìtìjú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó ní òun ò ní gbà á mọ́, pé òun á kọ iṣẹ́ rédíò náà sílẹ̀, òun á wá jókòó tì í títí yóò fi lè rìn.

"Má fi ẹsẹ̀ mi ṣe àwáwí," Dosu wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹsẹ̀ á san. Tí o bá máa dúró, dúró torí pé o fẹ́ dúró."

Dosu yí ojú sí fèrèsé.

Bùsọ́lá jáde. Ìyá Dosu nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ igi, tó ń fi etí ìró rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Bùsọ́lá jókòó tì í. Ó fẹ́ dúró kí ìgboyà dé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun ò ní sọ ọ́.

"Màámi, mi ò gbé fóònù náà. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo sì pa á."

Ìyá náà kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀," ló wí.

Ó ní èbúté ni òun wà, òun wá gba àgbọn tí Dosu kó bọ̀, bí wọ́n sì ṣe gbé ọmọ òun gun orí pákó, itan òun ló gbé orí lé. Dosu ní kí wọ́n yọ fóònù fún òun lápò. Kò pe dókítà, kò pe Ruth. Bùsọ́lá ló pè. Èkíní dún títí, ó dákẹ́. Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin inú fóònù, èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti pa fóònù, ló dáhùn.

"Mi ò gbọ́ òyìnbó," ìyá náà wí, "ṣùgbọ́n mo mọ ohùn obìnrin yẹn. Mo rò pé ọmọ mi á gbé e sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Ó gbé e mọ́ etí, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, má sunkún mọ́. Ó ní, má wá lálẹ́ yìí, wàá bá mi láyọ̀. Obìnrin yẹn ti dákẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń sọ ọ́. Mo ní kí àwọn èèyàn sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Kì í ṣe nítorí atẹ́gùn."

Bùsọ́lá fi ọwọ́ bo ojú. Ó béèrè ìdí tí ìyá náà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Dosu ní Ruth wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni, òun ò lè já a nírọ́ níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ẹ bínú sí mi, Màámi?"

"Mo bínú lánàá. Lónìí, ó ti rẹ̀ mí." Ìyá náà tún ìró rẹ̀ ró. "Wọlé lọ bá a. Má tún jẹ́ kó máa dá sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n Bùsọ́lá kò lè dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ń ronú nípa gbogbo "Kò burú" tí Dosu ti sọ. Ó ti máa ń gbọ́ ọ, á ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, á gbé fóònù sílẹ̀, ara á sì tù ú. Kò tíì bi ara rẹ̀ rí pé kí ni Dosu ń ṣe lẹ́yìn tí òun bá ti gbé e sílẹ̀.

Nígbà tó wọlé padà, Dosu kò sùn. Bùsọ́lá fa àga sún mọ́ ọn, níbi tó ti lè rí ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ iṣẹ́ náà," ló wí. "Nígbà tí o ní kí n gbà á, inú mi dùn. Mo fẹ́ ọ náà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe méjèèjì, mo sì ti ń díbọ́n fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n."

Dosu yí ojú sí i. "Mo rí i lójú rẹ pé inú rẹ dùn," ló wí. "Ó dùn mí." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. "Èmi náà ò ní kúrò níbí. Mo ti ń sọ fún ọ pé bóyá lọ́jọ́ kan. Kò sí ọjọ́ kankan."

"Mo mọ̀."

"Ó yẹ kí n ti sọ ọ́."

Níta, Ruth ti dé, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀, Ègùn ni wọ́n ń sọ. Dosu ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bùsọ́lá ki ọwọ́ sábẹ́ orí rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó fún un ní omi mu, omi díẹ̀ sì dà sí i láyà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Ọ̀ràn náà kò fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ó tilẹ̀ wúwo ju bó ṣe rí nínú ọkọ̀ lówùúrọ̀. Láti bí ọdún mélòó kan ló ti ń rò pé ìfẹ́ ni ohun tó ń gún òun lọ́kàn nígbà gbogbo tí kò bá lè wálé. Ó wá yé e báyìí pé ẹ̀bi ni, pé ẹ̀bi náà ló ń kó fún ọkùnrin yìí dípò ọ̀rọ̀, àti pé ó ti rọrùn fún òun láti máa jẹ̀bi ju kí òun sọ ohun tí òun ń fẹ́ lọ.

"Omi ṣì kù síbẹ̀," Dosu wí. Bùsọ́lá tún gbé orí rẹ̀ sókè, ó sì rọra fún un mu.