Orin Ìdáhùn Màmá Àgbà

Ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ni ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń pè ní Alákọ̀wé fi kà á tán. Ó kà á nídìí tábìlì, ó kà á nínú balùwẹ̀, ó kà á títí ìrẹsì fi jóná lójú rẹ̀. Ìlú kan ló wà nínú ìwé ọ̀hún tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò fẹ́ rí arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan. Wọn a rán obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan wọlé, Olùrànlọ́wọ́ lorúkọ tí wọ́n fún un, yóò béèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún. Arúgbó tó bá ṣì í, ọkọ̀ funfun ní í gbé e lọ, kò sí ẹni tó tún ń gbúròó rẹ̀. Ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti sùn lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó kà á ni kò rí oorun sùn.

Ká ní inú ìwé lọ̀rọ̀ dúró sí, kò burú. Àmọ́ iyè Màmá Àgbà, ìyá-ìyá rẹ̀ yìí, ti ń ra lóòótọ́. Ogójì ọdún ni màmá yìí fi ránṣọ, kò kọ ìwọ̀n oníbàárà kankan sílẹ̀ rí. Orin ló máa ń fi ìwọ̀n kọ bó ṣe ń gé aṣọ lọ: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Nísinsìnyí, ó lè gbé kẹ́tùrù oníke ka iná gáàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rí i lójú títì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyá Alákọ̀wé, tó ń lọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan, ti pa iṣẹ́ jẹ nítorí èyí títí ọ̀gá rẹ̀ fi sọ pé bó bá tún di ẹ̀ẹ̀kan sí i, kó jókòó sílé.

Ló bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àgbàlagbà. Èsì dé: nọ́ọ̀sì kan yóò wá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ láti yẹ iyè Màmá wò. Bí wọ́n bá rí i pé ó ń gbàgbé, wọn ó yan ẹni tí yóò máa jókòó tì í lójoojúmọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọmọ, kò fi ìkankan pa mọ́.

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n máa yàn yẹn?" Alákọ̀wé béèrè.

"Olùrànlọ́wọ́. Kí ni wọn ì bá tún máa pè é?"

Ọmọ gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó sọ ohun tó kà fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, kó lọ fọ abọ́. Ó ti rẹ obìnrin náà jù láti bá ìwé jà.

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè sì wà nínú rẹ̀. Alákọ̀wé fi ìdáhùn sínú orin ìwọ̀n aṣọ: Ọjọ́bọ̀ lòní, oṣù kẹsàn-án, ilé kẹtàdínlógún, ọmọ kan, ọmọ-ọmọ kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti Màmá Àgbà fi kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí màmá bá ń kọrin náà, ọwọ́ rẹ̀ a máa gé aṣọ tí kò sí níbẹ̀, inú ọmọ a sì máa dùn.

Nọ́ọ̀sì dé lóòótọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó béèrè márùn-ún, Màmá Àgbà dáhùn márùn-ún, ó tilẹ̀ ń mi orí. Ìyá Alákọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti kẹ́tùrù, ó sọ ti ojú títì, ó bẹ̀ ẹ́ kó tún un béèrè. Nọ́ọ̀sì tún un béèrè. Ìdáhùn kò yẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo lè kọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Iyè wọn pé ju tèmi lọ. Ẹ tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá jókòó sílẹ̀. Alákọ̀wé yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ọkọ̀ kankan níta. Ẹsẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń fi rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó gbé fáìlì há abíyá, bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́yìn. Ìgbà náà ló yé ọmọ ohun tó ṣe. Ó sáré tọ obìnrin náà lọ, ó jẹ́wọ́ orin, ó jẹ́wọ́ ìwé. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ pa á lórí.

"Màmá ẹ ló ní kó o wá sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn. Máa lọ sílé."

Ọmọ náà búra, ó sunkún. Bọ́ọ̀sì dé, nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kò lù ú. Ìbá sàn kó lù ú. Ó kàn jáde lọ ra àgádágodo, ó sì kàn án mọ́ ìta ilẹ̀kùn yàrá Màmá Àgbà.

"Aago mẹ́fà ni mo ń jáde," ó wí. "Ìwọ lo ń gbẹ̀yìn kúrò nílé. Tó o bá ti fún wọn lóúnjẹ, kó o tì í. Wàá ṣí i tó o bá ti ilé ìwé dé."

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó gbé tíì àti búrẹ́dì wọlé fún màmá, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Kò ì gbẹ́sẹ̀ tí màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni Màmá Àgbà wí láti inú yàrá, "kí ni mo ṣe fún yín?"

Alákọ̀wé dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, aago ilé ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.