Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Rọ̀fíátù

Òrùlé ti kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù mi. N kò mọ ẹni tó ṣí i, kò sì sí páànù kankan nílẹ̀. Ojú ọ̀run ló wà níbi tí àjà yẹ kó wà, ó funfun bíi wàrà. Àwọn awọ màlúù tí mo sá ń rọ̀ dirodiro lókè láìsí okùn tó gbé wọn dání. Omi ń kán lára wọn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró rẹ̀. Ọkà bàbà ti hù láti inú símẹ́ńtì, ó ga dé àyà mi, mo sì ń fi ọwọ́ pín in sí méjì bí mo ṣe ń wá irin tí mo fi ń lu awọ.

Mo ń kánjú. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú àlá náà nìyẹn. Yàháyà ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ku nǹkan kan tí n kò tíì ṣe. Kí ni nǹkan ọ̀hún? N kò mọ̀. Mo ṣáà ń yí kiri nínú ọkà bàbà bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò ríbi yé e sí.

Àwọn ẹṣin wà lẹ́yìn ògiri. Orí wọn nìkan ló yọ sókè, méje ni wọ́n, wọ́n ń jẹun láìsí ariwo. Mo fi ẹnu pè wọ́n bí a ṣe ń pe ẹṣin. Kò sí èyí tó wò mí. Ṣe ni gbogbo wọn gbé ojú sápá kan, bí èèyàn tí a ṣẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Àfúsátù ìyàwó mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ìró aláró tí iná jó ihò sí létí ló wà ní ìdí rẹ̀. Ojú tì mí, nítorí mo ti fi ìró yẹn ṣe sàráà lọ́jọ́ ogójì tó kú, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé.

"Bàbá Rọ̀fíátù," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ tó ń sùn lọ, "ẹ jókòó."

"N kò ráyè jókòó. Yàháyà ti wà lọ́nà."

"Ẹ ò ráyè rí."

Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ó ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọdún méjì àti oṣù méjì ni Àfúsátù ti kú. Okùn orí ẹṣin ni mo ń fi awọ ṣe, èyí tí kò ní irin ẹnu bíi ti ìjánu, tó jẹ́ pé ó kàn gba orí imú kọjá, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì so mọ́ ẹ̀yìn etí. Òun ni wọ́n fi ń so ẹṣin mọ́lẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń fà á. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni èmi àti ìyàwó mi fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ní Ìlọrin níhìn-ín. Èmi ń gé, mo ń lu, mo ń rán. Òun a máa fi ìda pa òwú fún mi, a sì máa ṣe iṣẹ́ kan tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti parí okùn kan, a gbà á lọ́wọ́ mi, a di ojú, a gbé inú rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, a sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti etí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Bí ohunkóhun bá gún un, ì báà kéré bí ọkà jéró, a dá a padà fún mi. "Awọ ojú ẹṣin kò le ju tèmi lọ," ohun tí ó máa ń wí nìyẹn. Èmi a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin ti rọ̀ jù, pé ẹṣin kì í ṣe ọmọge. Ṣùgbọ́n mo máa ń tú u, mo sì máa ń tún un rán. Ó mọ̀ pé màá tún un rán, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bá mi jiyàn.

Lẹ́yìn tó kú, kò sẹ́ni tó tún gbé okùn kankan sẹ́rẹ̀kẹ́ mọ́. Rọ̀fíátù ọmọ wa tó wà nílé ọkọ ní Ọ̀fà sọ pé òun lè máa wá, mo jágbe mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni. N kò fẹ́ rí ẹlòmíràn lórí àpótí yẹn. Okùn méje ni mo ṣe tí mo sì tà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́fà nìyí. Yàháyà, tó ń sin ẹṣin ládùúgbò wa, fa abo ẹṣin rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Arẹwà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Egbò wà lórí imú rẹ̀, ní apá ọ̀tún, ó pọ́n, eṣinṣin ń bà á. Yàháyà ní okùn tí mo ṣe ló dá a sí i lára.

"Okùn mi?" Mo dìde. "Ìwọ Yàháyà, kí o tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrù ẹṣin àti ìgbálẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí! Ẹni tó ń bá ọ tọ́jú ẹṣin ló so ó le jù."

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò so ó le. Ẹ ṣáà bá wa ṣe òmíràn. Bàbá wa ló fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ ìjáde ẹlẹ́ṣin."

Bàbá wọn, Àlàájì Gàníyù, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó ní òun fẹ́ gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọdún Iléyá kí òun tó kú, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Arẹwà ló ní sùúrù jù nínú ẹṣin wọn, àmọ́ kì í gba irin sẹ́nu. Okùn orí nìkan ni wọ́n máa fi fà á láàárín èrò àti ìbọn. Bí okùn bá gún ẹṣin lójú egbò, yóò ta orí sókè, bàbá arúgbó yóò sì já lulẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìbínú ni mo fi ṣe okùn tuntun náà. Mo parí rẹ̀ láàárọ̀ òní, mo fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ó dára. Ọ̀la ni ìjáde. Ṣùgbọ́n ara mi kò lélẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo gbé okùn náà kọ́, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo kírun Àílà ọ̀sán tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun gbé mi, mo sì bá ara mi nínú ọkà bàbà.

Nínú àlá náà, okùn Arẹwà ti wà lọ́wọ́ Àfúsátù. N kò mọ ìgbà tó mú un. Ó di ojú. Ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró gbagidi. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dùn mí.

Ó dúró lójú kan. Ó gbé okùn kúrò. Àpá pupa kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Kí ló ṣe ọ́?"

Ó na okùn sí mi. "Ẹ gbé e sí tiyín."

Mo gbà á, mo gbé e sójú. N kò gbọ́ nǹkan kan lára, mo sì sọ fún un. Ó dìde, ó sún mọ́ mi, mo gbóòórùn ìda lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ìka bọ inú irùngbọ̀n mi, ó ń pín in sọ́tùn-ún sósì bí mo ṣe pín ọkà bàbà, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀.

"Bàbá Rọ̀fíátù," ó ní, "níbo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, bí inú ṣe máa ń bí mi nígbà tí nǹkan bá dùn mí jù. "Nítorí rẹ ni mo ṣe dá a sí! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń fá a fún mi ní gbogbo Alámísì ni? Ta ni kí n wá gbé ojú fún?"

"Mo mọ̀," ó ní. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irùngbọ̀n náà. "Ó tó gẹ́ẹ́."

Àwọn ẹṣin dákẹ́ jíjẹ. Wọ́n yí ojú sọ́dọ̀ mi, méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà. Egbò wà lórí imú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lápá ọ̀tún, lójú kan náà. Mo yíjú sí Àfúsátù láti bèèrè, àpótí nìkan ni mo rí.

Mo ta jí. Páànù wà lókè, oòrùn ń mú un dún. Okùn Arẹwà wà lórí àyà mi, mo dì í mú. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé oúnjẹ ọ̀sán ló wúwo jù. N kò gba ara mi gbọ́.

Mo gbé okùn náà sẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo fà á lọ fà á bọ̀. Irùngbọ̀n ni mo ń gbọ́. Mo fi ìka wá a, ṣùgbọ́n irin àti òwú ti sọ ìka mi di pátákó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Níbo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wà? Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló fi mí ṣe. Obìnrin náà ń bi mí ní ìbéèrè ni.

Agolo tí Àfúsátù ń kó ohun tó fi ń fá irùngbọ̀n mi sí wà lórí pẹpẹ, níbi tó fi í sí. Abẹ fẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀, jígí kékeré kan sì wà níbẹ̀. Mo bu omi nínú ìkòkò tí mo fi ń rẹ awọ, mo fi ọṣẹ pa ojú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Mo fi abẹ ya ara mi níbi méjì. Irùngbọ̀n ọdún méjì ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi, ó ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí apá ọ̀tún tán, n kò dúró fá apá òsì. Mo nu ojú, mo di ojú, mo sì fa okùn náà láti etí wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Ó gún mi.

Kókó òwú ni. Ibi tí mo ti parí rírán lórí imú ni, níbi tí mo so òwú sí kí n tó gé e. Mo fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, mo ní ó ti tán. Kò tán. Bí mo ṣe ń parí gbogbo okùn mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá ọ̀tún orí imú. Àfúsátù ló máa ń dá a padà, tí màá sì tú u, kí n fi kókó náà pamọ́ sáàárín awọ méjèèjì. Mo rò pé èmi ni mo mọṣẹ́ náà. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ni Yàháyà fa Arẹwà dé. Ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ta ló lé yín dìde nídìí abẹ?"

"Wá níbí." Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé okùn lé inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo fà á. Ó ta ọwọ́ padà. "Èmi ni mo dá egbò yẹn sí i lára," mo ní. "Mo purọ́ mọ́ ẹni tó ń bá ọ tọ́jú ẹṣin. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Wàá sì lọ sọ okùn ti tẹ́lẹ̀ nù."

Yàháyà kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó yẹra fún àpótí náà bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, ó ń wò mí bí mo ṣe ti kókó sáàárín awọ, tí mo rán ẹnu rẹ̀ pa. Mo gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń yọ̀ lọ geerege. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Arẹwà. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó mọ̀ mí. Mo dúró. Ó fi imú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó fẹ́ èémí gbígbóná sí i, ó sì rẹ orí sílẹ̀, mo fi okùn náà wọ̀ ọ́.

"Ó gbà á," Yàháyà ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bàbá wa máa yọ̀."

Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Okùn mẹ́fà ló kù nígboro, lórí imú ẹṣin mẹ́fà tó ń jáde lọ́la, mo sì mọ ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo kó abẹ́rẹ́, òwú àti irin sápò. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Rọ̀fíátù!" Yàháyà ń pariwo lẹ́yìn mi. "Ẹ ò ní fá apá kejì ni?"

"Tí mo bá dé!"

Wọ́n ti ń pe ìrun Àlàásárì. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tutù. Ojú ibẹ̀ ni ọwọ́ Àfúsátù máa ń wà bó bá fẹ́ fá a, kí ó tó sọ fún mi pé kí n má mira. Mo ń sunkún lọ lójú títì, mo sì ń gbọ́ omijé náà lára láti òkè dé ìsàlẹ̀.