Ta Ló Ní Ká Má Dà Wọ́n Sómi?

Lọ́dún tí à ń wí yìí, tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba ìyípadà, kò sóhun tí kì í ṣe dandan ní Àjàṣẹ́ ẹ̀bá Kùtọnú. Dandan ni ká lọ ro oko àgbàdo lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Dandan ni ìpàdé. Dandan ni kí ọmọ àná pe àgbàlagbà ní kámáràdì bí àwọn ológun bá wà nítòsí. Bí o bá wọ ọ́fíìsì kankan, wọ́n á kọ́kọ́ ké "Ehuzu!" mọ́ ọ, ìyẹn ni pé nǹkan ti yí padà, ìwọ náà á sì tètè dáhùn "Dandan!" bí o kò bá fẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́ tìfura-tìfura. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kì í ṣe dandan: kí ẹni tí kò tu ọkọ̀ ìgbòkun rí kọ́ ọ kí ó tó tù ú. Ẹ ò rí i bí orí ṣe ń dà wọ́n rú?

Nígbà tí Georgette gbọ́ ọ, ó ní òun kò gbà. Olùkọ́ ni Georgette, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, kì í sì í ṣe aláriwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni. Kí Hilaire bàbá rẹ̀ tó kú, ọkọ̀ ìgbòkun ló fi ń kó àgbọn láti apá Sèmè wá sí èbúté Àjàṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ mọ bí a ti ń fi atẹ́gùn tukọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò gbé e mọ́, Georgette ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́.

Àṣà kan wà nílé wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba okùn ìgbòkun jáde sójú ọ̀sà láìjẹ́ pé wọ́n ti dà á sómi. Wọ́n á gbé ọkọ̀ síbi tí omi mu èèyàn dé àyà, wọ́n á ta ìgbòkun, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó, á di okùn mú. Olùkọ́ á dúró nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa pe orúkọ rẹ̀. Ó lè dojú ọkọ̀ dé ní ìpè kìíní, ó lè jẹ́ ìkẹta, kí ẹni náà má baà mọ ìgbà tí yóò dé, nítorí atẹ́gùn kì í ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó bá ju okùn sílẹ̀, tó yọrí jáde, tó gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó sì tún wọ inú rẹ̀, wọ́n á rẹ gàrí fún un létí omi, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín títí, ó ti di tiwọn nìyẹn. Ẹni tí kò bá jù ú sílẹ̀, á padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Inú ìjùsílẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà. Bí atẹ́gùn bá dé lójijì, tí ọkọ̀ fẹ́ dojú dé, ẹni tí kò kọ́ ọ kì í ju okùn sílẹ̀. Ṣe ló ń dì í mú sí i. Bí ọwọ́ ọmọ èèyàn ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá ń sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń fún mọ́ra. Okùn á wá fa òun àti ìgbòkun lọ sábẹ́ omi. Georgette ti rí òkú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n gbé gúnlẹ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́.

Ẹni tó wá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe dandan, kì í ṣe àjèjì. Ọkọ rẹ̀ ni. Germain, olùkọ́ bíi tirẹ̀, ni alága kọ̀mítéè ìyípadà ládùúgbò wọn. Àṣẹ ti dé pé fún àyájọ́ ìyípadà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan akọ̀wé ìjọba kan tí yóò tu ọkọ̀ ìgbòkun sọdá sápá Sèmè tí yóò sì tù ú padà níwájú àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀ láti Kùtọnú, kí ayé lè rí i pé akọ̀wé náà lè ṣiṣẹ́ ọwọ́ bíi mẹ̀kúnnù. Èrò náà kò burú. Èyí tó burú ni pé àyájọ́ ti kù dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé náà tó di okùn ìgbòkun mú rí.

Ta sì ni Germain yàn? Théophile ni, àbúrò Georgette, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Má wò ó pé ọmọ Hilaire ni. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Kùtọnú ló dàgbà sí, ìwé ló mọ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe, bàtà rẹ̀ a sì máa dán débi pé o lè fi ṣe dígí yarun. Bí Georgette ṣe gbọ́ ló ránṣẹ́ pè é.

"Bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ kó o jẹ́ ká lọ sómi. Mo fẹ́ dà ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì," ni Théophile wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìrìbọmi?"

"Ẹ máa dúró nínú omi, ẹ máa pe orúkọ mi, ẹ máa rì mí, ẹ sì tún máa fún mi lóúnjẹ létí odò. Kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Àwọn tá a jọ wà ní ọ́fíìsì á ní mo ti ń bọ ọ̀sà."

Georgette kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti délé kọ̀mítéè. Lásìkò yẹn, ìjọba ń gbógun ti ìbọ̀rìṣà, gbogbo alága kékeré ló sì ń wá ẹni tí òun máa mú. Nígbà tí ìpàdé pé, Germain dìde, ó ní pípe orúkọ ọmọ ènìyàn sínú omi kò yàtọ̀ sí ìbọ̀rìṣà, kọ̀mítéè sì ti fòfin dè é. Georgette dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Kámáràdì alága, ohun tí bàbá mi fi kọ́ ìdajì àwọn tó ń tukọ̀ lójú ọ̀sà yìí lẹ ń pè ní ìbọ̀rìṣà? Díákónì ni bàbá mi o! Mo ní kí ẹ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tukọ̀ rí."

"Àwọn apẹja tó ń gbé orí omi, ta ló kọ́ wọn?"

"Àwọn yẹn ti ń ṣubú sómi kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Gbogbo ìgbà èwe wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èwo ni Théophile kọ́ nínú rẹ̀?"

"Ẹni tó bá ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lọ́kàn kò nílò ẹ̀kọ́ àwọn ará àtijọ́."

"Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè náà, ṣé ó mọ omi í wẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Kódà akọ̀wé ìpàdé ń fọwọ́ bo ẹnu. Georgette rí i bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe yí padà, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rín yẹn ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín níwájú ìyàwó rẹ̀ kò tún ní í gbà pé òun ṣì í. Nígbà tí wọ́n délé, Germain ní, "Ìyá Odile, o dójú tì mí."

"Ojú tiyín lẹ ń rò, Bàbá Odile. Èmi, ẹ̀mí àbúrò mi ni mò ń rò," ni Georgette dáhùn. Láti ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló kù láàárín àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ àyájọ́ pé. Àwọn ọ̀gá jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tò pẹ̀lú àsíá bébà lọ́wọ́, Georgette náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fẹ́ kọrin. Atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá láti apá Sèmè, kì í sì í ṣe atẹ́gùn ọmọdé. Àwọn ọkọ̀ tò sétí omi, wọ́n ti ta ìgbòkun. Ká sòótọ́, kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun máa ṣe nǹkan kan. Ó ti gbàdúrà, ó ti gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ Théophile. Ọmọ náà ti wé okùn mọ́ ọwọ́, ó wé e ṣinṣin, kó má baà bọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn oníyàwòrán.

Ìbínú tó gun Georgette lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá bi í lónìí, kò lè sọ bó ṣe gùn ún. Ó fi àwọn ọmọ kíláàsì sílẹ̀, ó wọ inú omi lọ tìró-tìró. Ẹnì kan ké pé, "Madámù, níbo?" Georgette kàn ń lọ. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi ti mu ún dé àyà.

"Théophile!"

Théophile yíjú sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Georgette fi gbogbo ara tẹ etí ọkọ̀, ọkọ̀ sì dojú dé.

Omi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dúró sí ni o. Kí Théophile kàn na ẹsẹ̀ ni, orí rẹ̀ á yọ. Orí rẹ̀ kò yọ. Ìgbòkun mu omi, ó ń rì, ó ń fà á lọ, àwọn èèyàn sì rí ẹ̀yìn ẹ̀wù funfun tó ń jà lábẹ́ omi bí ẹja inú àwọ̀n. Georgette rì mọ́ ọn. Ó bá ọwọ́ náà níbi tó ti di okùn mú, ó le koko bí igi, ó sì tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè tú okùn. Nígbà tó gbé e yọrí, omi ń jáde lẹ́nu àti nímú ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ sì ti ràn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Théophile wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "mo ní kó jù ú sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Mo ń sọ fún un, kò gbọ́."

Akọ̀wé tó wà nínú ọkọ̀ kejì rọra tú okùn tirẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù náà sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ológun wá mú Georgette, wọ́n ní sàbótájì ló ṣe, ìyẹn ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ètò ìjọba jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ pẹ̀lú ìró tó ń ro omi tótó, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin kámáràdì, a sún ìtukọ̀ yìí síwájú, nítorí pé kò sí atẹ́gùn."

Kò sí atẹ́gùn! Àsíá ń lu ara wọn pàpàpà lórí àtíbàbà, fìlà ọ̀gá kan sì ti fò lọ. Georgette kò bínú pé wọ́n mú òun tó bí ó ti bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin yìí fẹ́ gba ẹ̀mí là, àmọ́ kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ ohun tó fẹ́ pa wọ́n.

Germain fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ àwọn ológun tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé kan hàn lára ògiri ilé ẹ̀kọ́: kọ̀mítéè, nínú ọgbọ́n rẹ̀, ti rí i pé dandan ni kí gbogbo ẹni tí kò bá tu ọkọ̀ ìgbòkun rí, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìdojúdé. Kámáràdì Georgette ni yóò kọ́ wọn. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Abẹ́ rẹ̀ ni Germain fọwọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n jí kọ yìí," ni Théophile wí. "Ẹ ò sì ní fà á ya?"

"Kí ni mo fẹ́ fà á ya fún? Mo ti kà á dáadáa ni."

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, àwọn akọ̀wé tò létí omi nínú ṣòkòtò pénpé, Théophile ló ṣáájú, àdúgbò sì ti jáde wá wòran. Germain dé pẹ̀lú aṣọ àyájọ́ rẹ̀ láti ṣí ẹ̀kọ́ náà. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó fi ọpẹ́ fún kọ̀mítéè. Georgette jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Kámáràdì alága, ẹ kọ ọ́ pé láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ ò tu ọkọ̀ ìgbòkun rí. Ẹ̀yin la ó fi bẹ̀rẹ̀."

"Èmi? Alága ni mí o!"

"Omi kì í lọ sípàdé."

Germain wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, àwọn akọ̀wé tí wọ́n fẹ́ rán lọ sójú ọ̀sà náà ń wò ó. Ó bọ́ bàtà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó gba okùn. Nígbà tí Georgette tì í dé ibi tí omi ti mu ún láyà, ọkùnrin náà tẹrí síwájú, ó sì rọra sọ ọ́ sí i létí kí àwọn tó wà létí omi má baà gbọ́.

"Ìyá Odile, dákun. Má pe orúkọ mi sómi."

Georgette wò ó lójú. Ẹ̀rù gidi ló bá níbẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ rán àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ kú nítorí pé òun kò gba òrìṣà gbọ́, òun gan-an ló gbà á gbọ́ jù.

"N ò ní pè é," ni Georgette wí, ó sì da ọkọ̀ náà.

Ọwọ́ Germain náà kò jù ú sílẹ̀. Georgette bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú lábẹ́ omi, ó sì ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọńdinrín. Kò kánjú.