Ìlà Kẹrin Láti Òkè

N kì í lè dúró de nǹkan, mo sì mọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé n kò ní sùúrù kí oṣù mi pé kí n tó já jáde. Bàbá mi ní tirẹ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ wa, torí ó lè wo bóòtù kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fọwọ́ kàn án. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń pààrọ̀ àwọn bátìrì ńlá inú kọ́bọ́ọ̀dù irin, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù ró nígbà tí iná bá lọ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà.

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sì sọ fún un pé mo ti rí i. Bí ọ̀gá wa bá gbọ́, ilé ló máa ní kó lọ jókòó, bẹ́ẹ̀ Bàbá ò mọ ìjókòó í ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ, ẹ̀rù sì ń bà mí láti dákẹ́. N kì í sun oorun gidi mọ́. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń fọgbọ́n gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n rán wa lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ìlà mẹ́rin ni bátìrì tò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, ìlà kọ̀ọ̀kan ló sì ní síwíìṣì tirẹ̀ lókè, kí a lè pa ọ̀kan kí mẹ́ta tó kù máa bá iṣẹ́ lọ. Bátìrì ti wú nínú ìlà òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn méjèèjì la fẹ́ pààrọ̀. Èyí tó bá ti wú máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde, iná bíńtín tó bá ta sí i lè bú u gbàmù. A ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bàbá bọ́ aago àti òrùka rẹ̀, a wọ ìbọ̀wọ́, a fi awò bo ojú.

Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ tiwa. Ẹnì kan á di sípánà mú, ẹnì kejì á dúró, á máa pe ohun tó kàn. Ẹni tó di sípánà mú kì í ṣe ohun tí wọn ò bá pè. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lẹ nọ́ńbà mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni n kò lẹ nọ́ńbà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́, mo sì fẹ́ ká tètè parí kó tó burú sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n di sípánà mú. Ó wò mí bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje tí mo ní èmi nìkan fẹ́ sọdá títì, kò sì fi sípánà náà sílẹ̀.

Mo pa síwíìṣì ìlà òkè. Láti ìsàlẹ̀ ni èmi ti máa ń kà, torí ibẹ̀ la ti ń to bátìrì, kí kọ́bọ́ọ̀dù má baà wó lu èèyàn. Mo ní, "Bàbá, mo ti pa ìlà kẹrin. Ẹ tú u." Mo bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nínú àpò. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti lóṣòó síwájú ìlà ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa, láti òkè ni wọ́n ti ń kà.

Iná kékeré tó wà lára ìlà náà ṣì ń tàn. A ti fi téèpù wé ọwọ́ sípánà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ṣeé wé, ó sì ti wà lórí bóòtù, ó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ́bọ́ọ̀dù; bó bá kàn án, iná á ta. Bí mo bá pariwo, yóò ta gìrì. Mo gbé ariwo náà mì.

Mo rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀: "Bàbá mi, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má mira."

Ó dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò dúró. Mo nawọ́ kọjá lórí rẹ̀, mo sì pa síwíìṣì ìlà ìsàlẹ̀. Iná náà kú. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó yọ sípánà kúrò, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti rí i?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Mo rò pé mo fi pa mọ́ dáadáa ni."

Mo fẹ́ sunkún, mo tún fẹ́ bínú sí i. N kò ṣe ìkankan. Ó dìde, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi sípánà lé mi lọ́wọ́. Òun ń pè, èmi ń tú, títí a fi parí.

Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ wa máa ń béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni n kò lẹ nọ́ńbà, ẹ̀bi mi ni. Bí mo ṣe fẹ́ ká ìwé náà pọ̀ ni Bàbá gba bíìrò lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, bíìrò ń fò lórí ìwé: "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ má fún mi ní sípánà mọ́." Ó buwọ́ lù ú.

Ó ní kí n bá òun mú un lọ fún ọ̀gá báyìí, torí bó bá di ọ̀la, òun máa fà á ya.