Ìbò Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún

Kí ojúmọ́ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́ ni ẹ̀rù ti wọ Fọlákẹ́mi lára. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, opó ni, Gift, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura kan ní Ìkògòsì. Àjọ elétò ìdìbò ti yàn án ṣe alábòójútó ibùdó ìdìbò kan ní Ìdó-Ilé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kiri pé àwọn jàǹdùkú yóò ya wọ̀lú, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀mí òun gùn kó jókòó sílé.

Àwọn èèyàn sì jókòó sílé lóòótọ́. Orúkọ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló wà nínú ìwé olùdìbò. Nígbà tí ìdìbò parí ní aago méjì ààbọ̀, ẹni mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún péré ni ẹ̀rọ tó ń yẹ ojú àti ìka wò kà, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Fọlákẹ́mi ka ìbò náà sókè, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àti àwọn olùdìbò tó kù ń kà á tẹ̀lé e. Bó ṣe fa ìwé èsì sún mọ́ra ni ọkọ̀ dúdú kan dúró, ọkùnrin mẹ́ta sì sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ọlájídé ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí ọkọ rẹ̀.

Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí i létí. "Ìyá Gift, ẹ kú iṣẹ́. Irinwó ni kí ẹ kọ fún ẹgbẹ́ wa."

"Bọ̀dá Ọlájídé, ẹni mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló dìbò."

"Mo gbọ́. Irinwó ni kí ẹ kọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Gift ń kọ́? Aago mẹ́rin ló ń jáde níbi iṣẹ́ lónìí, àbí?"

Fọlákẹ́mi tó bí Gift pàápàá kò mọ aago tó ń jáde lọ́jọ́ náà. Ó wo ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, onítọ̀hún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹnu bírò lé ìwé. Bó bá kọ irinwó, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìgbà náà ló rántí òfin tí wọ́n kọ́ wọn níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àrámọ̀kọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́." Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Iye èèyàn tó dìbò ti wà nínú ẹ̀rọ, n kò lè pa á rẹ́. Bí ìbò bá ju iye yẹn lọ, wọn á fagi lé èsì ibùdó yìí pátápátá. Mọ́kànlélógójì tí ẹgbẹ́ yín ní á bá a lọ. Ta ni yóò dáhùn níwájú ọ̀gá yín?"

Màmá Beatrice, arúgbó kan tó ti dìbò láti àárọ̀, wọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé!" ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà jágbe.

"Ulé mi ò sá lọ ibì kankan," ni Màmá dáhùn, ló bá jókòó. Àwọn àgbà mìíràn jókòó tì í.

Ọlájídé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó pẹ́ kó tó padà. "Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ yín báyìí."

Fọlákẹ́mi kọ ọ́. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Lójú ọ̀nà Àrámọ̀kọ, níbi tí wọ́n ti ń kó èsì jọ, ó pe Gift lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò gbé e. Aago mẹ́rin lù, ó kọjá. Ó fi èsì lélẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù kí fóònù tó dún.

"Mọ́mì, kí ló dé? Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Má jáde," ni Fọlákẹ́mi wí. "Dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Èsì náà dúró. Gift fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọlájídé a máa kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, Fọlákẹ́mi a sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú títí yóò fi kọjá. Àjọ elétò ìdìbò tún ti kọ̀wé sí i pé kó wá ṣiṣẹ́ nínú ìdìbò tó ń bọ̀. Kò tíì dá wọn lóhùn.