Mọ̀núrù Bádà ti Òpópó Bádà

"Ẹ sún síwájú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn ráyè wọlé!" Ọkùnrin kan tí Taslimah kò rí rí ló ń pariwo lẹ́nu géètì. "Ẹ má dí ojú ọ̀nà!"

Taslimah jókòó sórí àpótí lẹ́bàá yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú bàbá rẹ̀, ó ń wo bàtà. Bàtà ọkùnrin ti kún ẹnu ọ̀nà débi pé wọ́n ti ń bọ́ wọn lé ara wọn lórí. Jíìpù mẹ́ta dúró lójú títì. Àwọn kan ti ta àtíbàbà, wọ́n ń to àga oníke sábẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá rẹ̀ fi tún agboòrùn àti báàgì ṣe ní CMS, ọ̀rẹ́ méjì péré ló sì ní, ọ̀kan nínú wọn ti kú.

"Ìyá Ganiat," ó yíjú sí obìnrin tí wọ́n jọ háyà ilé náà, "ta ló pe gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

"Ọlọ́run ló pè wọ́n." Ìyá Ganiat ń fi etí ìbòrí nu ojú. "Bàbá ẹ ò pariwo, àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣe lóore mọ̀ wọ́n. Ṣé o ò rí i báyìí?"

Taslimah gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní gbà á gbọ́? Láti ìdájí tí bàbá ti dákẹ́ ló ti ń ro ti àwọn tí yóò gbé òkú. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ọkọ rẹ̀ wà ní Lìbíà, kò sì pè láti ìgbà ìtúnu àwẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ti sọ lórí fóònù pé ọ̀nà jìn, kí wọ́n má dúró de àwọn. Nígbà tó wá rí èrò rẹpẹtẹ yìí, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tù ú lára. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun gan-an ni òun ò mọ bàbá òun.

Orúkọ Bádà pọ̀ ládùúgbò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Òpópó Bádà ni wọ́n ń gbé. Orúkọ jagunjagun ayé àtijọ́ kan ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn Bádà wà ní ìkángun, dókítà ará Ìbàdàn kan ló ni ín. Ilé ẹ̀kọ́ Bádà wà lẹ́yìn ìyẹn, pásítọ̀ ará Ẹ̀gbá ló dá a sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó bá èkejì tan. Oyè ni Bádà tẹ́lẹ̀, ìlú púpọ̀ ló ń jẹ ẹ́, àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ ló sọ ọ́ di orúkọ ìdílé. Bàbá Taslimah gbé tirẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn. Lẹ́tà àwọn Bádà yòókù máa ń ṣìnà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ fún àwọn tó ni wọ́n.

Bádà tó ṣe pàtàkì jù lọ ni Alhaji Mọ̀núrù Bádà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, tó ní ilé alájà mẹ́rin ní nọ́ńbà kẹrin lórí òpópó kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkòyí ló ń gbé báyìí. Òun àti alágboòrùn tó ń háyà yàrá ní nọ́ńbà kọkàndínlógún jọ ń jẹ́ Mọ̀núrù Bádà, àmọ́ wọn ò kí ara wọn rí.

Ní mọ́sáláṣí àdúgbò, Lèmọ́mù ti fòfin de pípe oyè mọ́ òkú. Ìjà ló fà á: lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ẹbí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn nítorí pé wọn ò pe ìyá wọn ní Alhaja. Láti ìgbà náà, orúkọ òkú àti ibi tó ń gbé ni Ládàánì máa ń pè, ó parí. Ohun tó sì ṣe láàárọ̀ náà nìyẹn. Ó ní Mọ̀núrù Bádà ti Òpópó Bádà ti dolóògbé, wọn yóò kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun àìlà. Àwọn tó gbọ́ ló fi Alhaji kún un fúnra wọn. Wọ́n bá nọ́ńbà kẹrin ní títì, ibi tí wọ́n ti rí i pé wọ́n ń wẹ òkú ni wọ́n sì yà sí.

"Alhaji ló ra jẹnẹrétọ̀ mọ́sáláṣí wa," ọkùnrin kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ nítòsí Taslimah. "Òun náà ló rán mi lọ sí Mẹ́kà. Yéè, èèyàn ńlá lọ!"

Taslimah gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ kò ra jẹnẹrétọ̀ fún ara rẹ̀ rí, áńbọ̀sìbọ́sí fún mọ́sáláṣí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "Alhaji wo lẹ̀ ń sọ?"

Ọkùnrin náà ò tíì dáhùn tí mọ́tò dúdú kan fi dúró. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun, ó ń mí gúlegúle, inú ń bí i. "Ta ló ní mo kú?" ó bèèrè. "Ẹ sọ fún mi! Ta ló pa mí?"

Ariwo ayọ̀ sọ ní gbogbo agbo ilé. "Alhaji! Alhaji wa ò kú o!" Wọ́n rọ́ lọ bá a. Àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀, àwọn kan ń fọwọ́ kan agbádá rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni lóòótọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló wá kú?"

"Alágboòrùn kan báyìí. Ẹni tó máa ń jókòó ní CMS."

"Ìyẹn náà ń jẹ́ Bádà? Háà. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà.

Ilé náà dá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó ta àtíbàbà tú u, wọ́n kó àga wọn, wọ́n gba nọ́ńbà kẹrin lọ, nítorí Lèmọ́mù ti ní kí wọ́n lọ ṣàdúà ìdúpẹ́ fún Alhaji. Kò sẹ́ni tó kí Taslimah kú ọ̀fọ̀ kó tó lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì tún sọ̀rọ̀: "A tọrọ àforíjì o. Mọ̀núrù Bádà ò kú. Mo tún un sọ, Mọ̀núrù Bádà wà láàyè, àlùhámúdù lílàhì."

Taslimah gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi kórìíra gbogbo àdúgbò náà pátá. Bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ sọ pé kò kú.

Ó ku ènìyàn mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni Ìyá Ganiat. Ìkejì ni Àfáà Haleem tó wẹ òkú. Ìkẹta ni Bàbá Tìmílẹ́yìn, ará Èkìtì tó ń ran bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá Taslimah.

"Èmi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe tiyín o," Bàbá Tìmílẹ́yìn sọ, "ṣùgbọ́n mo lágbára láti gbé ọ̀rẹ́ mi."

"Ọkùnrin méjì ò lè gbé òkú dé ìtẹ́ òkú," Àfáà Haleem dáhùn. "Tó bá sì di alásárì, ooru yìí ò ní jẹ́ ká lè dúró."

Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni Tawfiq, ọmọ Alhaji, ti wọlé. Ó kí wọn dáadáa, ó tilẹ̀ tẹ̀ ba díẹ̀ fún Bàbá Tìmílẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Bàbá wa ní ká fi bọ́ọ̀sì gbé wọn, ọkùnrin mẹ́fà wà níta." Ó sún mọ́ Taslimah. "Nǹkan kan ló kù. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà ní kóòtù, àwọn tá a jọ ń ṣe é ti gbọ́ pé Alhaji kú. Tí wọ́n bá tún rí Mọ̀núrù Bádà, Òpópó Bádà, nínú ìwé ìtẹ́ òkú, wàhálà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ Bàbá Taslimah síbẹ̀. Kì í ṣe irọ́, bàbá yín ni wọ́n."

"Orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi ni Mọ̀núrù Bádà."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ má bínú, Àǹtí, nínú àwọn méjèèjì, ta ló fi orúkọ yẹn ṣe nǹkan kan?"

Bàbá Tìmílẹ́yìn la ẹnu, Àfáà Haleem dì í lápá mú. Taslimah wo oòrùn, ó wo ilẹ̀kùn yàrá. Ó mi orí pé òun gbà. Kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Ẹni tí òkú rẹ̀ wà nílẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Wọ́n kírun sí òkú lára ní kánmọ́, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kì í sábà bá wọn lọ, ṣùgbọ́n Taslimah wọlé jókòó, kò sì sẹ́ni tó lé e. Ní ẹnu ìtẹ́ òkú, bàbá akọ̀wé kan jókòó pẹ̀lú ìwé ńlá lórí tábìlì.

"Orúkọ olóògbé?"

"Bàbá Taslimah," Tawfiq dáhùn.

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ta lọmọ wọn níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?"

Tawfiq ń wò ó. Taslimah rí bírò tó dúró lórí ìwé, ó sì rí i pé tí òun bá dákẹ́, kò ní sí ibì kankan láyé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkùnrin yìí gbé ayé, ó sì kú.

"Mọ̀núrù Bádà," ó ní. "Nọ́ńbà kọkàndínlógún, Òpópó Bádà. Ó ń tún agboòrùn ṣe."

"A jọ sọ ọ́, Àǹtí," Tawfiq sọ.

"A jọ sọ ọ́," Taslimah dáhùn.

Akọ̀wé kọ ọ́. Tawfiq kàn ju ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà, wọ́n gbé òkú kalẹ̀ létí kòtò, wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì lọ.

Àfáà Haleem dúró lápá orí òkú, Bàbá Tìmílẹ́yìn àti ẹni tó gbẹ́ kòtò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó wà lápá ẹsẹ̀. Àfáà wo ojú ọ̀nà títí, bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣì lè yọ. Lẹ́yìn náà ló wo Taslimah.

"Wá," ó ní. "Di ẹsẹ̀ wọn mú."

Taslimah ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé bàbá rẹ̀.