Bí Ìyá Ṣe Jí

Ẹ̀rọ náà kò ju ìka ọwọ́ mi méjì lọ. Dúdú ni, ó ní ẹnu bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, ó sì ní ojú kékeré kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Gbénga, tó ń darí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló mú un wá bá mi nílé lọ́jọ́ Furaidé.

"Àǹtí, túnà ni wọ́n ń pè é," ó wí. "Ẹ há a mọ́ orí gìtá, kí ẹ máa ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pupa, kò tíì pé. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, ó pé nìyẹn. Àbí kí n kúkú gbé gìtá náà lọ, kí n bá yín tún un ṣe?"

"Gbé e lọ síbo?" Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. "Gìtá yẹn kò ní jáde nínú ilé yìí títí di àárọ̀ Sọ́ńdè. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò kàn án kó tó dìgbà yẹn. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ mí ní Àgbádárìgì yìí. Títílọpẹ́ ni mí, ará Èkìtì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní Aradagun, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi oyin sọ́rọ̀.

Ọkọ mi ló ni gìtá náà. Sewanu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ègùn ni, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí ọ̀sà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ó dìde lórí jẹ́tì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, láti na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣubú, fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, ó parí. Sọ́ńdè tí mo ń wí yìí ni yóò pé ọdún kan, ìjọ sì fẹ́ fi gìtá rẹ̀ kọ orin tí òun àti ìyá rẹ̀ máa ń kọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́jọ́ náà: kí gìtá yẹn dún bó ṣe máa ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo tún lè ṣe fún un.

Ẹ má retí pé kí n sọ pé mo sunkún. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, mi ò sunkún létí sàréè, mi ò sì tíì sunkún látìgbà náà. Kì í ṣe pé mo ń ṣe akin o. Ara mi ló kú. Mo ń jẹun, mo ń máàkì ìwé, mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì, kò sì sí èyí tó dé inú mi nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ní ọkàn mi le. Kí wọ́n máa wí lọ, ẹnu wọn ni.

Èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ ń gbé. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Á ní, "A dúpẹ́, Tísà." Mi kì í dúró gbọ́ ìyókù, torí ọkọ̀ Aradagun kì í dúró dèèyàn. Nígbà tí Sewanu wà láyé, òun àti Ìyá máa ń jókòó ní fàràǹdá bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Ìyá á dá orin Ègùn kan, Sewanu á máa lọ́ okùn gìtá rẹ̀ síbí, á lọ́ ọ sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà wọn á jọ kọ ọ́. Inú balùwẹ̀ ni èmi máa ń wà, tí mo ń kánjú. Mo rò pé eré ló ń fi okùn yẹn ṣe. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, Ìyá kò dá orin mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, á pa ẹnu dé, á máa wo iwájú.

Ní Sátidé, Ìyá lọ sí ọjà Agbalata lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Mo gbé gìtá jáde sí fàràǹdá. Eruku ti bò ó. Mo nù ún tán, mo há túnà mọ́ orí rẹ̀, mo sì ta okùn tó nípọn jù. Lẹ́tà D yọ, ó pupa, abẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀ ń gbọ̀n lápá ọ̀tún. Mo wo ìwé tí Gbénga kọ fún mi. E, ohùn tó ga ju D lọ, ló yẹ kí okùn yẹn jẹ́.

"O ti lọ sílẹ̀ jù," mo sọ fún gìtá, bí mo ṣe ń bá ọmọ kíláàsì wí. Mo rò pé ọdún kan tó ti wà lára ògiri ló mú kí okùn rẹ̀ dẹ̀. Mo lọ́ ọ. Ó di E, ó ṣì pupa. Mo tún lọ́ ọ díẹ̀, iná náà sì di àwọ̀ ewé.

Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò bi mí bí mo ṣe ń fara dà á. Kò sọ fún mi pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó pé, kò pé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Jenerétọ̀ Sirajudeen, aládùúgbò wa, ń han gooro lẹ́yìn ògiri, túnà kò tilẹ̀ kà á sí. Igi gìtá nìkan ló ń gbọ́. Bí igi bá ṣe gbọ̀n ló ń kà, ariwo inú afẹ́fẹ́ kò kàn án. Èyí yé mi, iṣẹ́ mi ni. Mo ṣe okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, mo fi àtàǹpàkò ta gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ́ geere bíi ti inú rédíò.

Ìgbà yẹn ni Ìyá wọlé, ọpọ́n tòmátì lórí. Ó dúró gbagidi.

"Gìtá ta nìyẹn?"

"Ti Sewanu ni, Ìyá. Mo tún un ṣe ni."

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Ohùn rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀."

"Kò lọ sílẹ̀." Ó sọ ọpọ́n kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ohùn mi ló máa ń fi í sí. Ohùn mi kò gòkè tó èyí tí o ta yẹn, ovi ṣie. Kò gòkè tó o láyé."

Ó pè mí ní ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a mọ́ mi lójú.

Háà! Títílọpẹ́! Gbogbo sáà ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá lójú ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo ti lé ọmọ jáde ní kíláàsì rí nítorí rẹ̀. Èmi kò kọ nǹkan kan. Mo rántí D, mo rántí pé abẹ́rẹ́ wà lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n ó jìn tó ìwọ̀n wo? Mi ò mọ̀. Ṣebí èmi ni mo ní kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò kàn án? Ọwọ́ ara mi ni mo fi nu tirẹ̀ kúrò.

Mo pe Gbénga lórí fóònù.

"Àǹtí, Bùrọ̀dá Sewanu kò lo túnà rí," ó wí. "Ibi tí wọ́n bá fi ohùn gìtá sí ni àwa yòókù máa ń lọ bá wọn. Fídíò wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ìlù nìkan lẹ máa gbọ́ níbẹ̀."

Mo dẹ okùn náà, mo ta á. Bóyá ibí ni. Mo tún dẹ̀ ẹ́. Bóyá ibí kọ́. Nígbà tó sú mi, mo gbé gìtá tòun ti túnà lórí rẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ nínú yàrá Ìyá.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi dá orin yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan."

"Orin kò sí lẹ́nu mi mọ́."

"Ìyá, mo ti ba ohun tó fi sílẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí títí. Ó ṣe mí bíi pé láti ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa wo ojú ara wa. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu, ó dá orin náà, ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wo túnà. Òfìfo.

"Kò gbọ́ mi," ó wí.

"Igi ló ń gbọ́, Ìyá. Ẹ gbé àgbọ̀n yín lé e."

"Ẹ̀yin tísà yìí náà!" Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí gìtá níbi tí apá ọmọ rẹ̀ ti ha ọ̀dà kúrò, ó di ojú, ó tún un dá. Lọ́tẹ̀ yìí igi gbà á. Mo gbọ́ ọ lórí itan mi. Lẹ́tà D yọ, ó pupa, abẹ́rẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbọ̀n. Mo fa báírò yọ, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ó dé! Ìyá, bó ṣe fi í sílẹ̀ gan-an nìyí!"

"Kì í ṣe bó ṣe fi í sílẹ̀." Àgbọ̀n rẹ̀ ṣì wà lórí igi. "Tòní nìyẹn."

"Báwo, Ìyá?"

"Ojoojúmọ́ ló ń lọ́ ọ. Bí mo bá sùn dáadáa, á gòkè díẹ̀. Bí orúnkún bá dùn mí mọ́jú, á wá sílẹ̀. Á ní, 'Ìyá, ẹ dá orin, kí n mọ bí ẹ ṣe jí.' Ó ní bí wọ́n bá kí èèyàn káàárọ̀, èèyàn lè purọ́, ṣùgbọ́n ohùn òwúrọ̀ kì í purọ́." Ó gbé orí sókè. "Látìgbà tó ti lọ, Tísà, kò sẹ́ni tó mọ bí mo ṣe jí."

Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tí mò ń béèrè! Mo wo ohun tí mo kọ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ìró mi nù ún.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mi ò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé gìtá jókòó sí fàràǹdá, mo pè é. "Ìyá, ẹ wá dá orin." Ó jáde, ó gbé àgbọ̀n lé igi. D náà ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti rìn sẹ́yìn ju ti àná lọ.

"Ẹ kò sùn, Ìyá."

"Mi ò sùn."

Mo dẹ okùn náà wá bá a níbi tó wà, mo sì fi ìwọ̀n kan náà sọ márùn-ún yòókù kalẹ̀. Kò sí èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. A múra, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbénga gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó há túnà tirẹ̀ mọ́ ọn, ó ta okùn, ó fajú ro. "Àǹtí, kò pé o. Pupa ni gbogbo rẹ̀." Ó ti na ọwọ́ láti lọ́ ọ.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àmọ́ pupa ni..."

"Bí Ìyá ṣe jí lónìí nìyẹn."

Ìyá ti dìde ní ìlà iwájú, ó ti dá orin, Gbénga sì ta gìtá, ó bá a níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹkún gbé mi. Ẹkún ọdún kan ni, ó ń dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò sì nu ojú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí àwọn obìnrin ìjọ tí wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Kí wọ́n wò mí dáadáa. Ìyá ń kọrin.